Obì Tí Ọwọ́ Àkọ́kọ́ Fò Dá

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn èèpo obì tó ti rà sínú omi, àyà mi á kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ni n ó rẹ́rìn-ín. Obì gbàǹja la fi ń jí nínú agboolé wa ní Òfin, ní Ṣàgámù, òun náà la fi ń sùn. Màámi á rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìlárá, àwa ọmọ á rẹ ẹ́ sómi, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì tẹ́ ẹ sórí ẹní láti ṣà á kí àwọn oníbàárà Sábó tó dé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo ti ṣe ìdánwò àṣewọlé. Yunifásítì kan ṣoṣo ni mo fẹ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì há, pàápàá fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ apòògùn òyìnbó. Máàkì mi dára, àmọ́ kò ta yọ. Gbogbo àdúgbò ló ń bá mi ṣírò. Tíṣà mi ní ó ṣeé ṣe. Bọ̀dá Múfú, télọ̀ iwájú ilé wa tí kò fẹsẹ̀ kan yunifásítì rí, ní kò ṣeé ṣe, wọ́n tún ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi. Bàbá mi ti là á mọ́lẹ̀: bí ọdún yẹn bá yẹ̀, n ó tẹ̀ lé àbúrò wọn obìnrin lọ sí Kánò, n ó máa bá wọn ta obì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi Kámọ̀rù ti ibi tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ dé. Ó kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ ló kù kó kí ewúrẹ́. Mo ti mọ̀. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Bọ̀dá Múfú mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ilé ẹ̀kọ́ ni Kánò náà."

 Màámi fa òkìtì obì tí a ti ṣà tì pé kò dára síwájú mi.

"Ṣà á."

"Màámi, a ti ṣà á lánàá."

"Tún un ṣà."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Olóbì kan kì í da àṣàtì nù láìtún un wò nínú oòrùn. Mò ń sunkún, mò ń ṣà, mo sì ń rí obì tó dán, tí kòkòrò kò dé. Màámi ń gbà á, wọ́n ń kó o sápẹ̀rẹ̀.

"Ọwọ́ àkọ́kọ́ máa ń fo obì rere dá," ni wọ́n wí. "Àwọn ará yunifásítì yẹn kì í tún un ṣà ni?"

Kámọ̀rù ní lísìtì kejì ń bọ̀.

Màámi ní, "Ó parí. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

Ìfọ̀kànbalẹ̀ wọn yẹn ni mo fi ń rí oorun sùn títí lísìtì kejì fi jáde. Láti ìta ni Kámọ̀rù ti ń pariwo orúkọ mi. Mo fẹ́ sáré pàdé rẹ̀, inú agbada omi obì ni mo jókòó sí. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Bàbá mi ní "Alihamudulilai," wọ́n yára wọlé, ojú wọn sì ti pọ́n nígbà tí wọ́n jáde. Bọ̀dá Múfú ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún yìí ló kan ọmọ mi obìnrin. Lísìtì àkọ́kọ́ jáde lórí fóònù, kò sí orúkọ rẹ̀. Èmi apòògùn ńlá, mo fi ṣúgà se ọbẹ̀ dípò iyọ̀, mo sáré dà á sí àkìtàn kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo pe Màámi, mo ní kí wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe fọkàn balẹ̀ nígbà tèmi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Ta ló fọkàn balẹ̀? Àti rere àti jíjẹrà ni mo kó papọ̀ sápẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Odindi apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dá padà fún mi láti Sábó."

Ọmọdé tí mo jẹ́ rò pé ẹ̀rù kì í ba àgbà. Lánàá, orúkọ ọmọ mi jáde nínú lísìtì kejì. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún ayọ̀, ó ní, "Mọ́mì, bí ẹ ṣe fọkàn balẹ̀ yẹn ló gbé mi ró."

Mo ní kò tọ́pẹ́.