Òróró Efinrin Inú Wàrà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a máa kán òróró efinrin sínú wàrà tí a ń tà ní ọjà Kútọ̀, kó má baà tètè bàjẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, awakọ̀ kan gbóòórùn rẹ̀, ló bá figbe ta.

"Oògùn inú rírun nìyí! Ẹ mọ̀ pé wàrà yín ti bàjẹ́ lẹ ṣe fi sí i!"

Ó fẹsẹ̀ gbá abọ́ wàrà dànù, ó sì fọ́ ẹ̀gbọ́n mi létí. Kí n máa wòran? Èmi kọ́. Mo la ìgbakọ mọ́ ọn níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú.

Ẹ̀gbọ́n mi ló da òróró yẹn sójú ọgbẹ́ awakọ̀ náà kó má baà kẹ̀. Ló bá ké bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú.

Mo ní, "Bó ṣe ń ta kòkòrò tó ń ba wàrà jẹ́ náà nìyẹn. Ìyẹn á kú. Ìwọ ṣì rí ẹnu ké."