Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ilé Ketura

Ní abúlé apẹja wa létí òkun Maine, àfi bí òkú bá kú, bí ìgbéyàwó bá wà, tàbí bí pásítọ̀ bá ń bọ̀, la tó ń ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Ẹni tí a fẹ́ràn, ẹ̀yìn ló ń gbà, tí yóò wọ ìdáná láìkanlẹ̀kùn. Ogún ọdún ni Lovina Stinson fi ń wọlé bẹ́ẹ̀ tọ Ketura, ìyá ọkọ mi. Lovina ò lọ́kọ, kò bímọ. Ìtàn kéékèèké nípa àwa ará etíkun ló ń kọ fún ìwé ìròyìn kan ní Boston, ìdí sítóòfù Ketura ló sì ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ.

Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ti ń bó ànàmọ́, Ketura sọ fún un pé ìgbà tí ọkọ òun bá wà lójú òkun nìkan lòun ń sùn dáadáa. Lovina fi í sínú ìtàn. Ó yí orúkọ padà lóòótọ́, àmọ́ ta ni kò mọ ohùn ẹnìkejì rẹ̀ níbí? Ìyàwó pásítọ̀ kà á sókè níbi táwọn obìnrin, tó fi mọ́ Ketura, ti ń rán kúbùsù. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó sì ti bọ́. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú Ketura.

Lọ́jọ́ kejì, Lovina bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní títì. Ketura yọjú lójú fèrèsé.

“Mísì Stinson, àlejò kì í gba ẹ̀yìn. Ẹ gba iwájú.”

“Ketura, èmi mà ni.”

“Mo rí yín.”

Ó gba iwájú. Ketura gbé tíì fún un nínú ife olówó iyebíye, nínú pálọ̀ tó tutù nini, kò sì bá a sọ ju ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ. Lovina ò padà wá mọ́. Àwọn ará Boston ní ìtàn rẹ̀ wá ń dùn sí i. Lójú tèmi, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ gbogbo wọn sí, àárò Ketura ló ń sọ ọ́.

Kí ọdún tó yí po, Ketura ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ró lọ́sàn-án, á dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró, á tẹ́tí. Mo rí i fún ọdún mọ́kànlá. Mi ò sọ fún Lovina; mo ní ọ̀rọ̀ àgbà méjì ò kàn mí.

Ọjọ́ ìsìnkú Ketura, tí Lovina wá dúró ti pósí nínú pálọ̀ náà, ni mo tó lanu.

“Àǹtí Lovina, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò tì láti ọdún mọ́kànlá wá. Màmá fúnra wọn ló ṣí i. Ẹ̀yin ni wọ́n ń retí.”

Ó wo pósí náà pẹ́.

“Ìwọ sì mọ̀.”

“Mo mọ̀, mà.”

Kò bú mi. Ó bọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì gba iwájú jáde.