Láptọ́ọ̀pù Táyé Kọ Wíńdò Tuntun

Ní àdúgbò wa ní Igbó-Ọrà, bí o bá dúró lójú títì tí o pe "Ìyá Ìbejì", obìnrin mẹ́ta yóò dá ọ lóhùn, ẹ̀kẹrin yóò sì yọjú lójú fèrèsé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe Ifáfúnkẹ́ ní Ìyá Ìbejì Onígàrí. Ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Èmi Làtíífàt, ìyá Mùíz, ni mo ń sọ ọ́, n kò sì ní bu iyọ̀ sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn báyìí ń bà mí lẹ́rù, n kò lè pa á mọ́ra mọ́.

Táyé àti Kẹ́hìndé tí gbogbo wa mọ̀ kọ́ ni Ifáfúnkẹ́ kọ́kọ́ bí. Ó ti bí ìbejì kan ṣáájú wọn, obìnrin ni àwọn yẹn. Nígbà tí wọ́n ń sáré kiri, ó lọ ra bàtà fún wọn lọ́jà Lánlátẹ̀, ó sì bá a pé èyí tó bá ẹsẹ̀ wọn mu kù kan ṣoṣo lọ́wọ́ oníbàtà. Ó rà á, ó ní òun yóò ra ìkejì bí ọjọ́ ọjà bá tún pé. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, ara èyí tí kò rí bàtà wọ̀ ti gbóná, ọmọ náà sì lọ. Ìkejì rẹ̀ kò pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e. Dókítà ní ibà ni. Ifáfúnkẹ́ ní bàtà ni. Ilé onífá ni wọ́n ti bí i, ohun tí wọ́n sì fi kọ́ ọ ni pé a kì í fún ọ̀kan nínú ìbejì ní ohun tí a kò fún ìkejì, kí èyí tí a rẹ́ jẹ má baà bínú padà síbi tó ti wá. Mùsùlùmí ni mí, n kì í bá a jiyàn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Nígbà tó wá bí ọkùnrin méjì wọ̀nyí, kò sí ohun tí kì í wọ̀n wò kó tó fún wọn. Bí mo bá rán ṣòkòtò fún wọn, yóò tẹ́ ọ̀kan lé orí ìkejì lójú mi, bí ẹsẹ̀ kan bá sì fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ, mo máa tú u ni. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Ìbejì, ṣé o tún máa ka ẹ̀wà inú àwo wọn ni?" Ó ní òun ti kà á. Mo rẹ́rìn-ín títí. Òun kò rẹ́rìn-ín rárá.

Bàbá wọn kú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Gàrí ló fi rán wọn nílé ìwé títí wọ́n fi parí ẹ̀kọ́ ní Èrúwà. Iṣẹ́ kò sí. Àwọn ọmọ náà ló wá rí iṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè yóò fi ohùn àwọn ènìyàn ránṣẹ́ sí wọn, wọn yóò gbọ́ ọ, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ifáfúnkẹ́ ta oko ẹ̀gẹ́ kan, ó ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ méjì fún wọn lọ́jọ́ kan náà, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Àwọ̀ kan náà ni, orúkọ kan náà, ìtóbi kan náà. Ó ní kí òǹtajà tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó sanwó. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹran nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Lójú ọyẹ́ tó kọjá, ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní bí oṣù tuntun bá ti wọlé, kọ̀ǹpútà tí kò bá ti ní Wíńdò tuntun, ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, kò ní ráàyè ṣiṣẹ́ fún àwọn mọ́. Wọ́n pe Àkànó tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Èrúwà, ó sì gun ọ̀kadà wá. Láptọ́ọ̀pù Kẹ́hìndé gba Wíńdò tuntun wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti Táyé kọ̀ ọ́. Àkànó tún un ṣe, ó tún kọ̀ ọ́. Gbogbo wa la ti kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà nígbà yẹn.

"Ìyá Ìbejì, ara wọn ló jọra, ọpọlọ wọn ò jọra," ni Àkànó wí. "Ohun kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní pùròsẹ́sọ̀, òun ni ọpọlọ ẹ̀. Ti Táyé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ti Kẹ́hìndé ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé e. Wíńdò tuntun yìí, ọpọlọ tuntun nìkan ló ń bá ṣe."

"Yọ ti Táyé, kó o fi òmíràn sí i."

"Wọ́n ti jó o mọ́ inú ẹ̀, mà. Kò ṣe é yọ."

Àkànó fi ọgbọ́n ti Wíńdò náà wọlé nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ òkèèrè yẹ láptọ́ọ̀pù náà wò, wọ́n mọ̀ pé ṣe ni wọ́n fi tipátipá gbé e wọ̀ ọ́, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ Táyé. Kí àwọn méjèèjì jọ lo ọ̀kan ńkọ́? Ilé iṣẹ́ náà kì í gba ènìyàn méjì lórí kọ̀ǹpútà kan.

Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí wàhálà, ohun tí òun bá rí, àwọn yóò pín in sí méjì ọgbọọgba. Táyé ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni Ifáfúnkẹ́ kò ti gbójú kúrò lára Táyé mọ́. Nígbà tó yá, Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọyẹ́ ni, gbogbo àdúgbò ló ń wúkọ́. Èmi pàápàá ń wúkọ́, kò sẹ́ni tó bojú wò mí.

Ifáfúnkẹ́ ránṣẹ́ pe Àkànó padà. Ó ní kó yọ Wíńdò tuntun kúrò lára ti Kẹ́hìndé, kó dá ti àtijọ́ padà sí i.

Àkànó ní, "Mà, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì nìyẹn."

"Kí wọ́n tì í. Ẹni tó ń tọwọ́ ẹlòmíì jẹun, ṣé òun pẹ̀lú ẹ̀ dọ́gba? Bí ẹ̀gẹ́ mi bá ti gbó, màá ra tuntun méjì."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ni Kẹ́hìndé wí. "Ẹ̀gẹ́ yẹn ò ní gbó lọ́dún yìí."

Ifáfúnkẹ́ fi ọwọ́ kó ọmú rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Èyí tẹ́ ẹ jọ mu ni mo fi bẹ̀ ọ́."

Bí ìyá bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu ọmọ ti kú. Kẹ́hìndé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé láptọ́ọ̀pù náà fún Àkànó. Nígbà tí oṣù tuntun wọlé, àwọn méjèèjì ò níṣẹ́ mọ́. Ikọ́ Táyé lọ nígbà tí ọyẹ́ lọ, Ifáfúnkẹ́ sì ń dúpẹ́ kiri. Inú bí mi, mo sì sọ fún un pé ọ̀tá ẹni kò lè ṣe tó èyí tó ṣe. Ó ní wọn kò bá mi sin òkú méjì rí.

Kẹ́hìndé kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ń rí i nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tí a mọ̀ pé ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Mo sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní Kẹ́hìndé ò lè lọ síbi tí Táyé ò lọ, pé láti inú oyún ni wọ́n ti jọ ń rìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Táyé jí, ó bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lófìfo. Kẹ́hìndé pè é láti Kánò, ó ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ ríṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Ó tún pè é láti Àgádẹ́sì, létí aṣálẹ̀, ó ní àwọn máa wọ inú iyanrìn lọ́jọ́ kejì. A kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ifáfúnkẹ́ wa ẹ̀gẹ́ náà láìgbó, ó tà á. Ó tún ta ẹ̀rọ tó fi ń lọ gàrí mọ́ ọn, ó sì mú Àkànó dání lọ ra láptọ́ọ̀pù méjì. Wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn méjèèjì wò kí wọ́n tó sanwó, àwọn méjèèjì sì gba Wíńdò tuntun. Ó gbé wọn sórí tábìlì, ó pe Táyé.

Táyé wò wọ́n. Ó ní, "Èwo ni ti Kẹ́hìndé?"

Ìyá rẹ̀ nàka sí ọ̀kan. Táyé pa èkejì dé.

"Bó bá ti ṣí tiẹ̀, n ó ṣí tèmi."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, Táyé bi í bóyá ó ti bu ti Kẹ́hìndé. Ìyá náà sunkún, ó bú u, ó sì tún fi ọmú bẹ̀ ẹ́. Táyé kò bínú. Ó ní òun ò lè jẹ ohun tí Kẹ́hìndé ò jẹ. Wọ́n wá pè mí, mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ, mo jókòó tì í.

"Ìyá Mùíz, ẹ má dààmú ara yín," ló wí fún mi. "Ẹ ẹ̀ mọ̀ bóyá ó ti jẹun."

Omi nìkan ló ń mu. Ó ní bó ti wù kó rí, Kẹ́hìndé á rí omi mu níbi tó wà. A fi ìyẹn tu ara wa nínú, a ní ebi ni yóò pàrọwà fún un. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, Ifáfúnkẹ́ gbé ife omi tó gbé wọlé fún Táyé lálẹ́ àná jáde síta. Ó nà án sí mi kí n wò ó. Omi náà kún dé ẹnu.