Ọjọ́ Tí Mo Kọ́kọ́ Fojú Kan Òkun

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Bàálù ti gbé mi fo òkun kọjá lóru, mo sì ti lo ọdún mẹ́ta ní yunifásítì ní Manchester, síbẹ̀ n kò tíì fojú kan òkun rí. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá bí sí Broughton nítòsí ibẹ̀, ariwo ló pa.

"You what? Kí lo wí? O fẹ́ padà sílé láìrí òkun? Kò jọ ọ́! Sátidé yìí, Scotland là ń lọ."

Ó yá mọ́tò bàbá rẹ̀. Ìdájí la kúrò ní Fallowfield, àdúgbò tí mò ń gbé ní Manchester, mọ́ínmọ́ín tí ìyá rẹ̀ sè fún wa ṣì ń gbóná lórí itan mi. Nígbà tí a dé Scotland, a gbé mọ́tò sí abúlé kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba orí àpáta lọ.

Bí mo ti yọ sókè, mo rí i. Ó lọ salalu, kò lópin, ó ń kọ mànà. Mo dúró gbagidi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

A rìn, a rìn. Àgùntàn ń jẹko lọ́tùn-ún wa. Lósì, ìgbì ń la ara rẹ̀ mọ́ àpáta. Lọ́sàn-án ni mo ṣàdédé rí orí dúdú mélòó kan tó yọ nínú omi.

"Àwọn èèyàn ń rì o!" Mo ti sá sọ̀kalẹ̀ dé etí omi, mo ń ju ọwọ́. "Ẹ fara dà á! A ń bọ̀!"

Ọ̀rẹ́ mi sáré tẹ̀lé mi, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. "Dúró jàre! Seal ni wọ́n! Ẹran inú omi ni!"

Ọ̀kan yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ rí roboto, ó ní irunmú bíi ti ológbò, ó sì wò mí bí àgbàlagbà tí ọmọdé dí lójú oorun. N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà!"

Ó fọn imú, ó wọmi lọ. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Mo bọ́ bàtà, mo kó sómi. Ó tutù débi pé mo fò sókè bí ẹni tó tẹ ìjàlọ mọ́lẹ̀, mo sì tún padà wọ̀ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ la dé abúlé kejì. A jókòó sórí ìgànná, a ń jẹ ẹja díndín àti chips, títí bọ́ọ̀sì tó máa gbé wa padà sídìí mọ́tò fi dé.

"Jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn padà," ni mo wí.

Ọ̀rẹ́ mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti bó, ó wò mí, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ jókòó.