Ìpàdé Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ṣí

Bí mo bá dijú báyìí, mo ṣì ń rí ìkùukùu ọyẹ́ lójú ọ̀nà Pira, àti àwọn àgbà abúlé tí wọ́n ń ti inú rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àpótí ìjókòó lọ́wọ́, tí wọ́n ń bọ̀ wá sípàdé ìgbìmọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà míì, mi ò mọ̀ bóyá mo rí i ni tàbí mo lá a. Àmọ́ ìwà tí mo hù níbẹ̀, mi ò lá a. Mo hù ú.

Ayé Ìjọba Ìyípadà ni, nígbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba, tí wọn ò sì fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Olùkọ́ ni mí, mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ọmọ ilé Kátólíìkì láti Savalou, ẹnu mi sì mú bí abẹ. Èmi náà ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ abúlé. Kí n tó dé, bàbá tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ló máa ń ṣí ìpàdé. Á bu omi tútù sínú igbá, á ta á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á ní kí ohun tí àwọn bá sọ má bọ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní àṣẹ, àwọn mùsùlùmí á ní àmín, àwọn Kátólíìkì á fọwọ́ kan iwájú orí. Kò pẹ́ ju kéèyàn ṣan ọwọ́ lọ.

Èmi ni mo dá a dúró. Lóòótọ́, àṣẹ ti wá láti òkè pé ká yéé gbàdúrà nípàdé ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn abúlé tó kù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo gba igbá lọ́wọ́ bàbá lójú gbogbo ìlú. Mo ní àdúrà ta ni ká máa gbà, ṣé ti olómi ni, àbí ti oníbíbélì, àbí ti oníkùránì? Títí dòní, mo ṣì gbà pé ìbéèrè yẹn ò burú. Ọwọ́ tí mo fi gba igbá ló burú. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Iná igbó ti jó òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wa. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá bá a bẹ́ẹ̀, Pira ni wọ́n máa kó àwọn ọmọ lọ, àwọn kéékèèké ò sì ní lè rin ọ̀nà yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ kú nìyẹn. Gbogbo wọn gbà pé lọ́jọ́ kejì ọjà, àwọn á kó igi àti koríko ìbolé wá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, inú mi dùn.

Ọjọ́ pé, èmi nìkan ni mo dé ibẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku kọjá lórí àwọn bẹ́ǹṣì. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo sáré lọ bá ìyá àgbà tí mo ń gbé nílé rẹ̀, ó ń pa ẹ̀pà lọ́wọ́, mo bi í pé kí ló dé tí àwọn èèyàn abúlé yìí ń purọ́. Ó wò mí tìyanutìyanu.

"Ìpàdé wo lò ń wí, ọmọ mi? Ẹnikẹ́ni ò ṣí i. A kàn jókòó sábẹ́ igi, à ń sọ̀rọ̀ ni."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí gbogbo wọn ṣe rí i nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí a ò fi omi ṣí, ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó dalẹ̀ torí kò sí àdéhùn.

Ojú tì mí. Mo lọ kúnlẹ̀ fún bàbá. Ó ní òun ò bínú, àmọ́ aṣojú ìjọba ń bọ̀ nípàdé tó kàn, bí omi bá kan ilẹ̀ lójú rẹ̀, akọ̀wé ni wọ́n máa mú.

Ọjọ́ ìpàdé pé, bàbá wá lọ́wọ́ òfo. Nítorí mi ni. Aṣojú ìjọba jókòó, gbogbo ìlú ń wò mí. Mo wọ ilé tó sún mọ́ wa, mo bu omi, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá.

"Ẹ bá wa ṣí i, bàbá."

Ó ta á sílẹ̀. Igbe àṣẹ wọn mì mí. Nígbà tí aṣojú ìjọba béèrè ẹni tó gbé omi wá, mo ní èmi ni, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìpàdé. A tún ọ̀rọ̀ òrùlé sọ, gbogbo wọn sì tún gbà.

Kí ọjà tó tún pé, wọ́n ti bo ilé ẹ̀kọ́ tán. Kó tó pé ẹ̀ẹ̀kejì, ká tó padà sí kíláàsì, ìwé ti dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé kí n máa lọ kọ́ni ní abúlé kan tó jìnnà kọjá Djaloukou, nítorí omi yẹn. Ibẹ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ ti bá mi. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń sunkún, inú mi sì ń dùn, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ mi wà ní kíláàsì lọ́hùn-ún, omi ò sì kán sí wọn lára. Mi ò kọ́ ọmọ kankan lábẹ́ òrùlé yẹn rí.