Bí Mo Ṣe Fura sí Uncle Rasaki Nítorí Dírágónì Mi

Ẹ̀yin tèmi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní àsàlátù lọ́jọ́ Sunday tó kọjá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ọ̀rọ̀ dírágónì ni.

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé mo máa ń gbá gémù. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi Sherifat, ìyá ọlọ́mọ méjì, tí mò ń tọ́jú àwọn arúgbó ní care home kan ní East Dulwich. Nínú gémù yìí, ẹranko lèèyàn máa ń mú, á máa bọ́ wọn, á máa kọ́ wọn níjà títí wọ́n á fi lágbára. Mo ní wọn rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ààyò mi, dírágónì kékeré kan tí mo sọ ní Àlàní. Aláwọ̀ ewé ni gbogbo irú rẹ̀. Àlàní tèmi pupa bí epo! Ẹ lè gbá gémù yẹn fún ọdún márùn-ún kẹ́ ẹ má rí irú rẹ̀.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé London ni mo mú un, nígbà tí mò ń dá gbé inú yàrá kan ní Deptford, tí mi ò mọ ẹnì kankan, tí òtútù ń fojú mi rí màbo. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ kí. Ẹ pè mí ní wèrè tó bá wù yín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé irú dírágónì yìí kì í dàgbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àfi kéèyàn fi ránṣẹ́ sínú gémù ẹlòmíràn, kí onítọ̀hún náà fi ẹranko tiẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bó bá ti débẹ̀ ló máa di ńlá, tí á sì yọ ìyẹ́ apá. Lẹ́yìn náà, ẹ ó tún pààrọ̀ wọn padà. Tí onítọ̀hún bá wá kọ̀ láti dá a padà ńkọ́? Ó parí nìyẹn! Obìnrin kan gba ẹranko mi lọ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì block mi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ìdí nìyẹn tí Àlàní fi wà ní kékeré fún ọdún mẹ́fà.

Gbogbo ọjọ́ Sunday ni mo máa ń gbé Mummy mi lọ sí àsàlátù nínú hall kan lẹ́yìn Rye Lane. Tí wàásù bá parí, tí àwọn ìyá bá ń pín oúnjẹ, màá lọ jókòó sẹ́yìn, màá yọ gémù mi. Lọ́jọ́ kan ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi, tó ń bèèrè bóyá dírágónì nìyẹn. Uncle Rasaki ni! Bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ council tipẹ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá mi wí ni. Àfi bí wọ́n ṣe ti ọwọ́ bọ àpò jalámíà wọn, tí wọ́n yọ irú gémù kan náà síta.

Ẹnu yà mí. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn náà lara ti ń fu mí.

Ẹ wò ó, wọ́n ní àwọn á bá mi sọ Àlàní di ńlá. Èmi ò bẹ̀ wọ́n o! Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n tún bi mí bóyá lóòótọ́ ló pupa. Nígbà tó tún yá, wọ́n ní ọdún mélòó ló ti wà lọ́wọ́ mi, báwo ni mo sì ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Kí lèèyàn ń ṣe ìwádìí ohun olóhun bẹ́ẹ̀ sí? Mo sọ fún Mummy. Wọ́n ní kí n má ba Alhaji Rasaki lórúkọ jẹ́, pé èèyàn Ọlọ́run ni wọ́n. Ẹnu dùn-ún rò'fọ́!

Mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo lọ mú dírágónì mìíràn, aláwọ̀ ewé lásán, irú èyí tó pọ̀ bí eṣinṣin. Mo sọ òun náà ní Àlàní. Orúkọ nìkan lèèyàn máa ń rí kí ẹranko tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní tí bàbá yìí bá fẹ́ gbé e sá lọ, ayédèrú ni wọn yóò gbé. Inú mi dùn sí ọgbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n má purọ́.

Nígbà tó di Sunday yẹn, mo ní ó ti yá. Uncle wọ́ àga sún mọ́ mi. A tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀. Tèmi lọ, tiwọn dé.

Ẹyẹ ńlá kan ló dé, Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó ti lágbára dé ibi tí ẹranko lè lágbára dé nínú gémù yẹn. Níbi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ mú ẹranko sí, orúkọ obìnrin ni mo rí. Ta wá nìyí?

Uncle ń wo dírágónì tó ń tóbi lójú gémù wọn, aláwọ̀ ewé pátápátá.

“Sherifat, ṣebí red lo ní Àlàní jẹ́?”

Ẹ gbọ́ irọ́ tó jáde lẹ́nu mi: “Bóyá ó change colour lójú ọ̀nà ni, sà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìyàwó mi ló mú Àṣàkẹ́ yẹn. Gémù yìí ló ń gbá nígbà tó wà ní hospital. Látìgbà tó ti kú, mi ò tíì gbé e fún anybody. Mo ń bi ẹ́ bí o ṣe fẹ́ràn tìẹ tó, kí n lè mọ ohun tí màá fi dógò lọ́wọ́ ẹ. Kò ní fair kí o gbé ààyò ẹ fún mi, kí n wá fún ẹ ní nǹkan yẹpẹrẹ.”

Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé! Bàbá tí mò ń pè ní olè nínú ọkàn mi, ohun tí ìyàwó wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, èmi sì gbé ayédèrú fún wọn. Mo kúnlẹ̀ nínú hall, mo ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, pé àwọn èèyàn ń wò. A pààrọ̀ padà. Nígbà tí Àṣàkẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀.

“Oya, Àlàní gidi dà?”

Wọ́n ṣì fẹ́ ṣe é fún mi! Mo fi ránṣẹ́, ẹ̀rù ò bà mí rárá. Pupa rẹ̀ kún ojú gémù wọn, ìyẹ́ apá rẹ̀ ṣí gbagada. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi dá a padà.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí wọ́n fi dógò lẹ́ẹ̀kejì yìí. Kòkòrò kékeré kan ni, èyí tí gémù máa ń fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọn ò tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Mi ò lè bá wọn wí. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni, mi ò ní kẹ́ ẹ máa gbé ohun yín fún ẹni tẹ́ ẹ bá ṣáà rí. Àmọ́ ẹ wo ara yín náà kẹ́ ẹ tó wo ẹlòmíràn. Àlàní ti di ńlá, mo gbé e jáde nínú bọ́ọ̀sì lánàá, inú mi ò sì dùn tó bí mo ṣe rò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú. Ta lẹ ti fura sí rí, tó wá jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí wọ́n ṣọ́?