Lidia Dudek àti Àwọn Adájọ́ Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ní ìlú Parma, ní ìpínlẹ̀ Ohio, bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé báyìí, wèrè kan máa ń kọ lu àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá. Kì í ṣe wèrè tó ń ya aṣọ. Wọ́n á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á tú gbogbo ayé wọn kalẹ̀ fún àwọn àjèjì tí wọn ò fojú rí rí: máàkì mi nìyí, ẹgbẹ́ tí mo wà nìyí, obìnrin ni mí, ẹnjiníà ni mo fẹ́ ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n á gbà mí? Àwọn àjèjì náà á wá máa dá ẹjọ́ bí ẹni pé ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ yunifásítì wà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, tí ìyá wọn ṣì ń pariwo pé kí wọ́n wá kó abọ́ tí wọ́n fi jẹun.

Odidi ọdún kan ni Lidia Dudek fi àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní olórí òfìfo ni wọ́n. Nígbà tó kàn án, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sì ṣe tirẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Kò sí ẹni tó tó o nínú ìṣirò ní ilé ìwé wọn, ó sì fẹ́ kọ́ nípa ẹ̀rọ ju ohunkóhun lọ láyé. Casimir Dudek, bàbá rẹ̀, ni ẹni tí wọ́n ń pè tí ẹ̀rọ amúlégbóná bá kú nígbà òtútù. Láti ìgbà tí Lidia ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá ló ti ń tẹ̀ lé e ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tó ń di tọ́ọ̀ṣì mú, tó ń na sípánà sí i. Nígbà tó fi máa pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí bọ́ílà, ẹ̀rọ amúlégbóná náà, bá mí lásán, á ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹnjiníà wo ni wọ́n tún ń wá? Ṣùgbọ́n adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà. Lidia kọ ọ́ kalẹ̀ fún àwọn àjèjì náà ní ìlà kan péré, nísàlẹ̀ pátápátá: "Mo máa ń ran bàbá mi lọ́wọ́ níbi iṣẹ́."

Adájọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló dá a lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Obìnrin ni ẹ́, ẹnjiníà lo fẹ́ ṣe, kí lo tún ń sunkún sí? Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n á fi gbà ẹ́."

"Má dá a lóhùn, irọ́ ló ń pa. Àwọn obìnrin ti pọ̀ níbẹ̀ báyìí. O ò ṣèwádìí kankan, o ò dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní ẹ láti wọlé, mo sì ṣàánú ẹ."

"Iṣẹ́ bàbá ẹ tí o kọ yẹn, tètè yọ ọ́ kúrò. Ṣé o ò kúkú ní kọ ilẹ̀ tí o gbá nílé síbẹ̀?"

Ọ̀kan wà láàárín wọn tó ń pe ara rẹ̀ ní Àgbà Ìwé. Ó pín ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà tí Lidia kọ sílẹ̀ sí méjì bí ẹni ń pín ẹran. Márùn-ún, àwọn ńláńlá tó wà létí òkun, ó ní ti àlá ni wọ́n. Ẹ̀kẹfà ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tolliver, tí kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ nínú ọkọ̀ láti ilé àwọn Dudek. "Ìyẹn ti wà lápò ẹ," ni Àgbà Ìwé wí. "Ìdá mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Má fi àkókò ẹ ṣòfò lórí wọn."

Lidia gbà wọ́n gbọ́. Ọmọ tí kì í gba olùkọ́ gbọ́ àfi tó bá tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀! Ó yọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kúrò nínú fọ́ọ̀mù tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó wá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè, ó pè é ní Ẹgbẹ́ Ọmọbìnrin Afẹ̀rọ-tún-ayé-ṣe. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n: òun fúnra rẹ̀, àti Paige ará ilé kejì, tó wá nítorí dónọ́ọ̀tì. Wọ́n ṣe ìpàdé ẹ̀ẹ̀mejì. Dónọ́ọ̀tì tán, Paige náà tán. Síbẹ̀ odidi ojú ìwé méjì ni Lidia fi ròyìn ẹgbẹ́ yìí fún àwọn yunifásítì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi "aṣáájú" àti "ìran tó ń bọ̀". Ẹ ò rí nǹkan.

Lidia ní kí bàbá rẹ̀ buwọ́ lu ibì kan nínú fọ́ọ̀mù náà. Casimir wọ gíláàsì, ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, ó tún padà sókè.

"Sátidé tiwa dà?"

"Wọn kì í ka ìyẹn sí, Dádì."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ni. Ẹ ṣáà buwọ́ lù ú."

Casimir buwọ́ lù ú. Ó ká gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ó dáa náà," ó sì lọ fọ ọwọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Lidia rí i. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó kọjá.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbìyànjú láti fa etí rẹ̀. Ìyáàfin Haverkamp ni olùdámọ̀ràn ilé ìwé wọn, irínwó ọmọ ló wà lọ́rùn òun nìkan.

"Lidia, ṣé o ti lọ wo Tolliver?"

"Ẹ̀yin náà, mà. Àwọn bọ́ílà wọn, ta ló ń tún wọn ṣe bí kì í bá ṣe bàbá mi? Mo ti wọ ibẹ̀ ju ọ̀gá àgbà wọn lọ."

"Abẹ́ ilẹ̀ lo wọ̀. Òkè ni mò ń sọ, níbi tí ìwé àlejò wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré yẹn ń ka ẹsẹ̀ o. Wọ́n mọ ẹni tó wá kí wọn, wọ́n mọ ẹni tó ṣí lẹ́tà wọn lórí kọ̀ǹpútà. Tí wọn ò bá ti rójú ẹ, wọ́n á ní o ò ní wá, wọ́n á fi àyè ẹ fún ẹlòmíì."

"Ṣé wọ́n fẹ́ fi mí fọ́kọ níbẹ̀ ni, tí màá fi máa lọ kí àna?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ kọ orúkọ ẹ."

"Ó ti wà lápò mi, mà."

Ìyáàfin Haverkamp mí kanlẹ̀, ó pe ọmọ tó kàn. Tí a bá sì fẹ́ sòótọ́, ìwà Tolliver náà ò bójú mu. Ilé ẹ̀kọ́ wo ló ń ṣe bí ìyá ọkọ tó ń ka iye ìgbà tí ìyàwó kí i láàárọ̀? Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, Lidia nìkan ló gbọ́n ju gbogbo ayé lọ.

Ní oṣù kẹta, èsì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ti àlá àkọ́kọ́ ní rárá. Èkejì ní rárá. Nígbà tí ẹ̀karùn-ún fi máa sọ tirẹ̀, Lidia kò jókòó mọ́ kó tó ka lẹ́tà, ó ń kà á lórí ìdúró bí ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́. Ó ṣì ku Tolliver, tó wà lápò. Tolliver kọ̀wé pé àwọn ò kọ̀ ọ́, àwọn ò sì gbà á. Àwọn fi í sára àwọn tó ń dúró, bóyá àyè á ṣí sílẹ̀ lóṣù karùn-ún.

Àpò ti jò. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà, kò sí ọ̀kan. Ó sunkún débi pé imú rẹ̀ dí. Lẹ́yìn náà ló wá Àgbà Ìwé lọ lórí ayélujára láti bi í léèrè ibi tí mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún náà wọlẹ̀ sí. Ọwọ́ Àgbà Ìwé ti dí. Ó ń dá ẹjọ́ ọmọ mìíràn ní Texas.

Ní Sátidé kejì oṣù kẹrin, yìnyín tún rọ̀, bó ṣe máa ń ṣe lágbègbè adágún ńlá tó wà nítòsí wọn, fóònù Casimir sì dún. Tolliver ni. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ àti òbí ń wá wo kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, bọ́ílà sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Mi ò lọ," ni Lidia wí.

"Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́ nísàlẹ̀ yẹn," ni bàbá rẹ̀ wí. "Wá di tọ́ọ̀ṣì mú."

Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti ọdún márùn-ún. Nísàlẹ̀, iná bọ́ílà á gbà, á jó díẹ̀, á sì kú. Casimir ti fẹ́ máa tú páìpù gáàsì. Lidia ní kó dúró. Ó tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mẹta.

"Iná ò ṣe nǹkan kan, Dádì. Ọ̀pá tó ń ṣọ́ iná ni ò mọ̀ pé iná ń jó, ló ṣe ń pa gáàsì. Ó ti dọ̀tí."

Ó yọ ọ̀pá náà, ó fi kànìnkànìn onírin ha á títí ó fi dán, ó dá a padà. Iná gbà, kò kú mọ́. Lókè, wọ́n gbọ́ tí àwọn tó wọ kóòtù jókòó pàtẹ́wọ́ nígbà tí ooru dé.

Pàtẹ́wọ́ náà ló bí i nínú. Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó gun àtẹ̀gùn tí kò gùn rí. Obìnrin kan wà nídìí tábìlì, tí wọ́n kọ Lindqvist sí àyà rẹ̀, ìwé àlejò sì wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun gan-an o! Òtútù ti fẹ́ pa wá."

"Mo fẹ́ kọ orúkọ mi, mà."

"Ìwé àwọn tó ń wá àyè wọlé nìyí."

"Èmi náà ń wá a. Lidia Dudek."

Ìyáàfin Lindqvist tẹ orúkọ náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ọwọ́ tí ìdọ̀tí bọ́ílà ti sọ di dúdú lórí tábìlì rẹ̀. "Lẹ́tà mẹ́tàlélógójì la fi ránṣẹ́ sí ẹ, o ò ṣí ìkankan. O ò débí rí."

"Láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń débí! Ta lẹ rò pé ó ń mú yín gbóná?"

"Kò sí nínú fọ́ọ̀mù ẹ. Ẹgbẹ́ kan ni mo rí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ló dé tí o ò kọ ọ́?"

"Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sọ fún mi pé kì í ṣe nǹkan kan."

"Àwọn wo nìyẹn?"

Lidia kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Kò mọ ojú wọn. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ẹnì kan nínú wọn ti di sípánà mú rí. Ohun a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Òun fi tirẹ̀ dáná fún àwọn tí kò mọ̀.

"Mi ò mọ̀ wọ́n, mà," ló wí, omi sì lé sí i lójú.

Ìyáàfin Lindqvist fa bébà funfun kan jáde, ó ní kó lọ kọ ohun tó fi sílẹ̀, kò sì ṣèlérí kankan. Ó wá yí ìwé àlejò sí i. Lidia kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn ń béèrè pé: ta lo bá wá?

Ó padà sórí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ké sísàlẹ̀ níwájú gbogbo àwọn òbí oníkóòtù: "Dádì! Ẹ máa bọ̀ lókè!"

"Kí ló tún bàjẹ́?"

"Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ẹ wá kọ orúkọ yín."

Ó pẹ́ kí Casimir tó yọjú. Ó ń nu bàtà rẹ̀.

Lidia kọ gbogbo Sátidé wọn sórí bébà náà, nígbà tó sì di ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún, Tolliver gbà á sí ẹ̀ka ẹ̀rọ. Ó kọ ọ́ sórí ayélujára fún àwọn adájọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: "Wọ́n gbà mí." Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Àgbà Ìwé fi dé. "Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?" ló kọ. "Obìnrin ṣáà ni ẹ́."

Lidia kà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ó pa kọ̀ǹpútà. Sátidé ni, bàbá rẹ̀ sì ti ń fọn fèrè ọkọ̀ níta.